Ìdajì Ló Jáde

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà:* Númérì 20:7-12

  

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní agbègbè Ìrẹsà-Adú àti Ìrẹsà-Apá mọ iṣẹ́ tí píkọ́ọ̀pù ń ṣe fún wa. Òun ló ń gbé gbágùúdá, iṣu àti kaṣú láti oko lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí kò lè gun òkè dáadáa mọ́, tó ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀kan nínú ohun tí mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ wò ni púlọ́ọ̀gì, irin kékeré tó ń ṣáná sí epo kí ẹ́ńjìnì lè ṣiṣẹ́. Èèyàn á rò pé iṣẹ́ kékeré ni: tú ti àtijọ́, fi tuntun sí i. Àmọ́ ẹ bi mẹkáníìkì léèrè wò. Púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo tó bá ti há lè gba odidi ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló mú kó há? Wọn ò tú u fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Irin ni ara púlọ́ọ̀gì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnì tí wọ́n dè é mọ́. Ẹ́ńjìnì á gbóná, á tún tutù, lójoojúmọ́; èédú èéfín á sì máa dì mọ́ púlọ́ọ̀gì lára díẹ̀díẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣì ń rìn, ta ló máa rántí rẹ̀?

Àpẹẹrẹ kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì mọ̀ bí ẹni mowó. Ẹ wo píkọ́ọ̀pù Ford F-150 ti ọdún 2004 sí 2008, èyí tó ní ẹ́ńjìnì lítà 5.4. Púlọ́ọ̀gì 8 ló ní, wọ́n gùn, apá méjì ni wọ́n sì so pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èédú a máa gan mọ́ apá ìsàlẹ̀. Bí ẹni tó ń tú u bá wá fi gbogbo agbára yí i, púlọ́ọ̀gì lè jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ló jáde. Ìdajì yòókù ti dá sínú ihò, níbi tí sípánà ò lè dé. Wọ́n á wá irinṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n máa fi yọ ọ́. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ó lè di kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Iṣẹ́ àárọ̀ ti di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ nìyẹn, pẹ̀lú owó ńlá.

Ilé iṣẹ́ Ford fúnra rẹ̀ wá kọ ìlànà jáde fún àwọn mẹkáníìkì. Kí ẹ́ńjìnì kọ́kọ́ tutù pátápátá. Kí wọ́n yí púlọ́ọ̀gì díẹ̀ péré, bí ìdá kan nínú mẹ́jọ òbìrí kan. Kí wọ́n da omi tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀ sí i, kí wọ́n sì dúró kó rin ín, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n máa yí i síwá, sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí á fi tú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Mósè. Ọlọ́run ní kó bá àpáta *sọ̀rọ̀*. Mósè ti bínú. Ó gbé ọ̀pá, ó lu àpáta lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kíyè sí i o: omi jáde! Ó pọ̀, èèyàn mu, ẹran mu. Bí ẹ bá bi àwọn tó ń wòran, wọ́n á ní ọ̀nà tí Mósè gbà dára, ó kúkú ṣiṣẹ́. Àmọ́ Ọlọ́run sọ fún Mósè àti Áárónì pé wọn ò ní kó àwọn èèyàn náà dé ilẹ̀ ìlérí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí. À ń rò pé níwọ̀n ìgbà tí ipá bá ti ṣiṣẹ́, ó dára. Bàbá na ọmọ, ó bú u lójú àwọn ojúgbà rẹ̀. Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Bàbá rò pé ó ti parí. Rárá o, ìdajì ló jáde. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́wàá nítorí ilẹ̀ oko bàbá wọn. Àgbà ẹbí pè wọ́n, ó pàṣẹ pé kí wọ́n dì mọ́ra ní kíá. Wọ́n dì mọ́ra. Ìdajì ló jáde. Èyí tó kù nínú ọkàn, ta ló fẹ́ yọ ọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin ará:

1. *Ẹ jẹ́ kó tutù.* Ẹ má yanjú ọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń ru.
2. *Ẹ jẹ́ kó rin.* Ẹ fi àdúrà àti inúure rin ín, kí ẹ sì fún un láyè. Òwe 25:15 sọ bí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ṣe lágbára tó. Ẹ kà á.
3. *Ẹ lè padà sẹ́yìn díẹ̀.* Sùúrù ò sọ yín di ọ̀lẹ. Mẹkáníìkì tó yí i padà sẹ́yìn ò tíì jáwọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣe àwáwí o. Púlọ́ọ̀gì tó ti bàjẹ́ gbọ́dọ̀ jáde dandan. Élì mọ ìwà àwọn ọmọ rẹ̀, kò kó wọn níjàánu, ilé rẹ̀ sì jìyà rẹ̀ (1 Sámúẹ́lì 3:13). Sùúrù kọ́ ni kéèyàn wo nǹkan níran.

*Iṣẹ́ tòní:* Ta lẹ ń fi ipá tú lọ́wọ́lọ́wọ́? Ẹ pè é lónìí, ẹ kàn kí i ni. Ẹ má tíì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ti tó fún tòní.

*Àdúrà:* Bàbá, tu ìbínú lójú mi. Fún mi ní sùúrù tó ń parí iṣẹ́. Ohun tó ti há nínú ilé mi, jẹ́ kó jáde lódindi, lórúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ á dára fún wa o.