Kí Ìyá Igi Má Ṣe Tán Nínú Igbó Wa

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìdàpọ̀ Obìnrin

Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 2:8-15, Gẹ́nẹ́sísì 21:22-34, Àìsáyà 41:17-20

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ àwọn igi ìbílẹ̀ tó ń tán lọ ní ilẹ̀ wa, kí a mọ bí a ṣe ń tọ́ wọn láti inú èso, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ̀kọ́ wa ní ìdámẹ́rin ọdún yìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àwọn ọkùnrin àti ìjọba nìkan ni ó kàn, èyí ni igi inú igbó. Kì í ṣe ọsàn tàbí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ni à ń sọ. Àwọn igi ìbílẹ̀ wa ni: ìrókò, ọ̀gànwó, arère, apá, ìdígbó, orógbó àti irú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ òwe tí a ń pa nípa ìrókò, ṣùgbọ́n bí a bá fi ewé ìrókò hàn wọ́n, wọn kò ní mọ̀ ọ́n.

1. IṢẸ́ MÉJÌ NÍNÚ ỌGBÀ

Nígbà tí Ọlọ́run fi ènìyàn sínú ọgbà Édẹ́nì, iṣẹ́ méjì ni ó gbé lé e lọ́wọ́. Ọ̀kan ni iṣẹ́ oko, èkejì ni iṣẹ́ ìṣọ́. Iṣẹ́ oko kò ṣòro fún àwa ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀. A gbin kòkó, a gbin iṣu, a gbin ẹ̀gẹ́. Iṣẹ́ ìṣọ́ ni ó kù. Nínú Diutarónómì 20:19-20, Ọlọ́run kò fẹ́ kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gé igi eléso àní nígbà tí wọ́n bá ń jagun. Bí a kò bá gbọdọ̀ ṣe é lákòókò ogun, kí ni a ó wí ní àkókò àlàáfíà? Àwọn àgbà wa pàápàá sọ pé bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí á máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò.

2. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ IGBÓ WA

Ilẹ̀ wa wà nítòsí ibi tí igbó kìjikìji ti ń parí, tí ọ̀dàn sì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti Ìfọ́n lọ sí ọ̀nà Ìdóàní yóò rí i bí igi ṣe ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, bí a bá pa igbó wa run, koríko ni yóò gba ipò rẹ̀, iná ọdọọdún kò sì ní jẹ́ kí igi hù mọ́.

Ọdún 1899 ni a ya igbó ọba àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ yìí, ní Olókeméjì láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà a ya òmíràn sọ́tọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, bí igbó ọba Ọ̀wọ̀, ti Ìfọ́n, àti ti Ìpele àti Ìdóàní. Ṣùgbọ́n àwọn agégẹdú wọlé, àwọn mìíràn pẹ̀lú ìwé àṣẹ, àwọn mìíràn láìgbàṣẹ. Àwọn àgbẹ̀ náà wọlé. Ní àwọn igbó ọba kan, bí Olúwa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n ro igbó kúrò, wọ́n sì gbin gìmẹ́línà àti tíìkì sí i. Ilẹ̀ Éṣíà ni igi méjèèjì yìí ti wá. Wọ́n máa ń yára dàgbà, wọ́n sì wúlò fún òpó àti pákó, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò igbó. Ẹ kò ní rí orógbó tàbí àpọ̀n he lábẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ti gbogbo ayé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Panama lórí àdéhùn tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko tó ń ṣọ̀wọ́n. Wọ́n fi ọ̀gànwó àti apá ilẹ̀ Áfíríkà sí ara àwọn igi tí a kò gbọdọ̀ tà sí òkè òkun láìsí ìwé àṣẹ pàtàkì.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa onígbàgbọ́. Láyé àtijọ́, ẹ̀rù ni ó dáàbò bo ọ̀pọ̀ igbó. Gbogbo ọmọ Ọ̀wọ̀ ló mọ ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ayaba tó sá wọ igbó Ugbó Lájà. Láàárín ọdún 1969 sí 1971, Ọ̀gbẹ́ni Ekpo Eyo wa ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí àwọn ère amọ̀ àtijọ́ tí gbogbo ayé wá ń yìn. Ìhìnrere ti gba ẹ̀rù igbó àti ẹ̀rù ìrókò kúrò lọ́kàn wa, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìhìnrere kò sọ fún wa pé kí á máa gé wọn. Bí ẹ̀rù bá lọ, ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni ó yẹ kí ó gba ipò rẹ̀.

3. ÌDÍ TÍ ÌYÁ IGI FI ṢE PÀTÀKÌ

Ìyá igi ni igi ńlá tó ti dàgbà, tó ń so èso tí a lè gbìn. Àwọn kan rò pé a lè gé gbogbo ìyá igi tán lónìí, kí a sì gbin òmíràn nígbà tí a bá ṣetán. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọ̀gànwó. Èso rẹ̀ máa ń là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé àwọn irúgbìn pẹlẹbẹ inú rẹ̀ lọ. Bí a bá tọ́jú irúgbìn yìí sínú ilé lásán, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń tán. Ẹ kò lè tọ́jú rẹ̀ bí àgbàdo di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ wo ìrókò. Akọ àti abo ni ìrókò ní, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Bí akọ kò bá sí nítòsí, abo kò lè so èso tó ní irúgbìn rere. Àdán ni ó máa ń jẹ èso náà, tí ó sì ń fọ́n irúgbìn rẹ̀ káàkiri. Nítorí náà, ìlú tó bá fi ìrókò kan ṣoṣo sílẹ̀ kò tíì fi ìdílé sílẹ̀.

Ẹ wo arère. Kì í so ní ọdọọdún, kòkòrò sì máa ń ba irúgbìn rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn fi kọ́ bí a ṣe ń gé ẹ̀ka rẹ̀ tí a sì ń mú un ta gbòǹgbò, ní àwọn ọdún 1970.

Bí ìyá igi bá ti tán, owó kò lè ra irúgbìn rẹ̀ ní ọjà. Ohun tó wà nínú ewu nìyí, ẹ̀yin ìyá wa.

4. OHUN TÍ A RÍ KỌ́ LỌ́DỌ̀ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN

Èkíní, ní Ìbàdàn. Nígbà tí a dá ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a ń pè ní IITA sílẹ̀ ní 1967, apá kan ilẹ̀ náà jẹ́ oko àwọn ará abúlé tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi nǹkan bí 350 hẹ́kítà sílẹ̀ láìro. Ilẹ̀ náà ti padà di igbó. Lẹ́yìn náà wọ́n dá nọ́sìrì sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn igi ìbílẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n láti gbìn sí ibòmíràn. Ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ nítòsí ìyá igi lè tún ara rẹ̀ ṣe. Níbi tí ìyá igi kò bá sí mọ́, àwa ni yóò gbé irúgbìn lọ bá a.

Èkejì, nínú pápá àwọn onímọ̀ igbó. Bí a bá gbin ìrókò nìkan sí ojú kan lọ rẹrẹ, kòkòrò kékeré kan máa ń yé ẹyin sí ewé tuntun rẹ̀. Ewé náà yóò wú, yóò di kókó, orí igi náà yóò sì kú. Bákan náà ni ìdin kan ṣe ń lu ṣóńṣó orí ọ̀gànwó, tí igi náà yóò sì yà sí ẹ̀ka nílẹ̀ dípò kí ó ga. Ohun tó ń dín ewu yìí kù ni kí a gbìn wọ́n láàárín igi mìíràn, lábẹ́ ìbòòji díẹ̀. Ẹ padà sí Àìsáyà 41:19. Oríṣi igi méje ni wòlíì dárúkọ, ibì kan náà ni Olúwa sì ṣèlérí láti gbìn wọ́n sí. Igbó Ọlọ́run kì í ṣe onígi kan.

Ẹ̀kẹta, ní Kẹ́ńyà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1977, Wangari Maathai àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ gbin igi méje ní Nairobi. Àwọn obìnrin oko ni wọ́n wá di olùtọ́jú nọ́sìrì, wọn kò sì ní ìwé ẹ̀rí kankan nínú iṣẹ́ igbó. A máa ń fún wọn ní owó díẹ̀ lórí igi kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igi tí a gbìn lásán ni a ń san owó fún, igi tó bá yè ni. Nígbà tí a fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2004, igi tí wọ́n ti gbìn ti lé ní 30 mílíọ̀nù.

5. BÍ A ÓÒ ṢE ṢE É

(a) Wíwá ìyá igi. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan. Ẹ bi àwọn àgbà àti àwọn ọdẹ léèrè: níbo ni ọ̀gànwó kù sí? Oṣù wo ni ó ń so? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe dá lọ sínú igbó tó jìnnà nítorí ewu àkókò yìí. Igi tó wà ní etí oko, inú ọgbà ilé ìwé àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

(b) Kíkó irúgbìn. Ẹ kó o lábẹ́ igi tó ju ẹyọ kan lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti ọ̀dọ̀ ìyá kan wá, ọmọ ìyá kan náà ni yóò máa fẹ́ra wọn lọ́jọ́ iwájú. Ẹ gbìn ín láìpẹ́. Ti orógbó lọ́ra púpọ̀, ó lè lo oṣù púpọ̀ nínú ilẹ̀ kí ó tó hù. Bí a bá bó èèpo ara rẹ̀ dáadáa kí a tó gbìn ín, ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

(d) Nọ́sìrì. Ẹ po ilẹ̀ dúdú, yanrìn odò àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà pọ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú ọ̀rá dúdú tí ẹ ti lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòji. Irúgbìn ìrókò kéré gan-an, nítorí náà inú àpótí ni kí ẹ fọ́n ọn sí, kí ẹ bu ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, kí ẹ tó pín in sínú ọ̀rá. Ẹ máa bomi rin ín. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ ó kó wọn jáde, ẹ máa ṣí ìbòòji náà díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ wọn lára.

(e) Gbígbìn. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni, kì í ṣe ní òpin òjò. Ẹ ya ọ̀rá kúrò kí ẹ tó gbìn. Ẹ lè gbìn wọ́n sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí yóò fún wọn ní ìbòòji. Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó ti ń jẹ́ kí àgbẹ̀ gbin oúnjẹ sáàárín ọ̀dọ́ igi ní Sapoba, nítòsí Benin. Àgbẹ̀ tó ń roko oúnjẹ rẹ̀ ti bá igi roko.

(ẹ) Títọ́jú. Fún ọdún mẹ́ta, ẹ máa ro ìdí wọn. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ẹ̀bá rẹ̀ yíká kí iná má bàa wọ̀ ọ́. Ẹ ṣọgbà nítorí ewúrẹ́. Ní ilẹ̀ Lẹ́bánónì, níbi tí Sólómọ́nì ti gba igi kédárì fún tẹ́ńpìlì, díẹ̀ ni igi náà kù. Ní 1876, Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi owó sílẹ̀ láti mọ odi yí wọn ká, kí ewúrẹ́ má bàa jẹ àwọn tó ń hù.

(f) Kíkà. A kì í ka igi ní ọjọ́ ìgbìn nígbà tí a wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí a ń ya fọ́tò. Ọdún kẹta ni kí ẹ kà wọ́n. Ogún tó yè sàn ju ọgọ́rùn-ún tó kú.

6. Ọ̀RỌ̀ ILẸ̀

Ẹ má ṣe fojú fo èyí. Ní àṣà wa, igi tó ń pẹ́ láyé jẹ́ àmì ìní. Ìdí nìyí tí onílẹ̀ kì í fi í fẹ́ kí alágbàro tàbí aya ilé gbìn ín. Bí obìnrin bá gbin ìrókò sí ilẹ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ láìsọ, ó lè di ìjà, wọ́n sì lè fà á tu. Ẹ wo bí Ábúráhámù ṣe ṣe é nínú Gẹ́nẹ́sísì 21. Àlejò ni ní ilẹ̀ náà. Ó kọ́kọ́ bá Ábímélékì yanjú ọ̀rọ̀ kànga níwájú ẹlẹ́rìí, lẹ́yìn náà ni ó gbin igi sí Beerṣeba. Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́dọ̀ baálé ẹbí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ ìjọ ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìmọ̀ àlùfáà àti àwọn alákòóso ìjọ.

ÌPARÍ

Ẹnìkan lè wí pé, "A ti dàgbà, ta ni yóò rí i tó bá di igi ńlá?" Nígbà tí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ wa, gúnlẹ̀ sí Bádágírì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, abẹ́ igi Àgíà ni a ti wàásù ìhìnrere. Kò sí ẹni nínú àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ tó gbìn ín. Igi náà dúró di ọdún 1959 kí ó tó wó. Ìbòòji tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ ni ìjọ wa kọ́kọ́ jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Dárúkọ igi ìbílẹ̀ márùn-ún tí o mọ̀ ní kékeré. Èwo nínú wọn ni ó ṣì wà ní ìlú rẹ?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín pápá gìmẹ́línà àti igbó?
3. Kí ni ó yẹ kí obìnrin ṣe kí ó tó gbin igi sí ilẹ̀ ẹbí?
4. Ta ni yóò máa bomi rin nọ́sìrì wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ yan àwọn ènìyàn kí ẹ tó túká.

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o dá igi kọ̀ọ̀kan ní irú tirẹ̀, fún wa ní sùúrù láti tọ́jú ohun tí a bá gbìn. Má ṣe jẹ́ kí ìyá igi tán ní ilẹ̀ wa ní ìgbà tiwa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.