Lẹ́tà Oṣù Kejì: Àjàkálẹ̀ Àrùn ní Johannesburg, 1904

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tọmọ ilé tàlejò, nínú àwọn ọmọ tí a ó kọ́, àwọn kan yóò di nọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn yóò di wolé-wolé. Nítorí tiwọn ni mo ṣe mú ẹ̀kọ́ yìí wá láti ìlú Johannesburg, ní Gúúsù Áfríkà.

Àrùn tí eku ń gbé kiri, tí àwọn òyìnbó ń pè ní plague, ti ń jà káàkiri ayé kí ó tó dé ibẹ̀. Àdúgbò àwọn ará Íńdíà ni ó wọ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú ti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Èrò ń pọ̀ sí i, a kò sì kó ẹ̀gbin. Ní oṣù Kejì, 1904, agbẹjọ́rò kan, Gandhi, kọ lẹ́tà sí Dókítà Porter, olórí ìlera ìlú, pé ewu ń bọ̀.

Ní oṣù Kẹta, lébìrà 23 ti ibi ìwakùsà wúrà dé, àrùn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ikọ́ lásán tó láti kó o ran ẹlòmíràn. Wọ́n já àgádágodo ilé òfìfo kan, wọ́n tẹ́ wọn síbẹ̀. Gandhi, Dókítà Godfrey àti akọ̀wé mẹ́rin ni ó tọ́jú wọn. Akọ̀wé ni mo wí! Ritch, ọ̀rẹ́ Gandhi, fẹ́ bá wọn ṣe é, ṣùgbọ́n Gandhi kọ̀, nítorí ìdílé rẹ̀ pọ̀. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ fún wọn ní ilé ìkẹ́rù kan àti nọ́ọ̀sì kan. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn aláìsàn náà kú. Nọ́ọ̀sì náà kó àrùn, òun náà sì kú.

Ìgbà náà ni ọwọ́ ìgbìmọ̀ wá yá. Wọ́n dáná sun àdúgbò náà, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Klipspruit. Ní orúkọ ìlera ni wọ́n fi àwọn adúláwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oko tí a ń da ìgbẹ́ ìlú sí. Ibẹ̀ ti di ara Soweto.

Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, àṣẹ kan náà ni a pa fún Sandton ọlọ́rọ̀ àti Alexandra tí ó múlé tì í: ẹ fọ ọwọ́, ẹ jìnnà síra. Ní Alexandra, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń pín ẹ̀rọ omi kan. Ọmọ ilé-ìwé ni mo jẹ́ nílé nígbà náà. A kọ́ wa ní orin ọwọ́ fífọ̀. Garawa omi kan ni ìyá mi ń rà lóòjọ́. Mo kọ orin náà dáadáa, n kò sì fọ ọwọ́.

Bí ẹ bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkòrò àrùn. Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ jáde, kí wọ́n ka ẹ̀rọ omi àdúgbò, kí wọ́n ka ilé tí ó ń pọn láti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìlú.