Ojú Ìdòwú

Ìlú Kétu ni Ìdòwú ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Igi ìbẹ́pẹ mẹ́ta àti igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ilé wọn. Bí ìbẹ́pẹ bá pọ́n, ìyá á kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọjà. Bó bá ń bọ̀, á ra bísíkíìtì fún Ìdòwú.

Ní ọ̀sán, Ìdòwú ń ríran dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ kọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ṣubú lu ìkòkò omi, ìkòkò sì fọ́. Ìyá fẹ́ nà án. Ìdòwú bú sẹ́kún.

« Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò rí i ni. »

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn yẹ ojú Ìdòwú wò, ó sì fún un lóògùn. Ó wá béèrè pé:

« Ìyá Ìdòwú, èso wo ni ọmọ yín ń jẹ? »

« À ń tà wọ́n ni. »

« Ẹ má ta gbogbo rẹ̀ mọ́. Fítámínì A wà nínú ìbẹ́pẹ àti máńgòrò tó pọ́n. Òun ni ojú fi ń ríran bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Máńgòrò tí kò tíì pọ́n, tí àwọn ọmọdé ń fi iyọ̀ jẹ, kò ní in tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi epo pupa sí ọbẹ̀ rẹ̀ náà. »

Èso kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń yin ọsàn nítorí fítámínì C. Ṣùgbọ́n bí a bá wọn gúáfà àti ọsàn ní ìwọ̀n kan náà, fítámínì C inú gúáfà tó ìlọ́po 4 ti ọsàn. Gúáfà kò sì wọ́n! Fítámínì C ń jẹ́ kí ara lè gba irin tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Irin yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní pọ̀tásíọ̀mù, tí iṣan ara fi ń ṣiṣẹ́. Ìyẹ̀fun funfun inú èso igi oṣè ní kálísíọ̀mù, tó ń mú eegun àti eyín le.

Ìyá Ìdòwú ṣì ń ta ìbẹ́pẹ, torí owó ìwé kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n kì í ta ti igi ẹ̀gbẹ́ kànga mọ́. Ti Ìdòwú ni.

Ìbéèrè
Kí ló dé tí Ìdòwú fi fọ́ ìkòkò?
Èso wo ló wà lẹ́yìn ilé yín? Kí ni àwọ̀ inú rẹ̀ bó bá pọ́n?