Oyún Kọ́, Ọyún Ni

Àmì ìsàlẹ̀ kan péré ló ya oyún sọ́tọ̀ kúrò lára ọyún. Ohùn wọn dọ́gba: àárín ni sílébù kìíní, òkè ni èkejì. Ṣùgbọ́n aláboyún ló ní oyún; egbò tó kẹ̀ ló ní ọyún. Bí ẹnìkan ní Etikan, létí òkun Ìlàjẹ, bá fi fóònù kọ̀wé sí dókítà pé 'ẹ̀gbọ́n mi ní oyun', tí kò fi àmì sí i, kí ni dókítà yóò kọ́kọ́ rò?

Ká ní ẹ̀rọ wà lábẹ́ awọ àyà ẹ̀gbọ́n náà, èyí tí wáyà rẹ̀ wọ inú ọkàn, tó ń bá ọkàn ṣọ́ lílù rẹ̀. Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sára ènìyàn lọ́dún 1958, fún Arne Larsson, tó wà láyé títí di 2001. Bí kòkòrò àrùn bá dé ibẹ̀, kí aláìsàn má kàn ní 'ó ń dùn mí'. Ṣé ó wú? Ṣé ó pọ́n? Ṣé ó gbóná? Ṣé ó ń ta bí egbò tuntun, àbí ó ń ro? Ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ tọ́ka síbẹ̀. Àyà náà ni kí ẹ dárúkọ. Ẹni tó bá ní ọkàn òun bàjẹ́, ìbànújẹ́ la ó rò.

Síkáànù táwọn aláboyún mọ̀ ṣeé gbé wá sẹ́bàá ibùsùn láti fi wo ojú ibẹ̀. Ìró tí etí kò gbọ́ ló fi ń wo inú ara, omi a sì hàn dúdú. Omi ni mo wí. 'Síkáànù rí ọyún' kò tọ̀nà, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ náà sínú ara lè hàn bẹ́ẹ̀. 'Síkáànù rí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ' ló tọ̀nà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ojú oníṣègùn ni yóò pinnu ìyókù. Bí síkáànù kò bá sì rí omi, ẹ má tíì ní kò sí àrùn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gún ojú ibẹ̀ nílé. Bí àrùn bá ti mú ẹ̀rọ náà, oògùn nìkan kì í sábà tó. Wọn a máa yọ ẹ̀rọ àti wáyà rẹ̀ pátá. Ẹ tètè ránṣẹ́ sí dókítà, kí ẹ sì fi àmì sábẹ́ ọyún.