Ta Ló Ń Ṣọ́ Ilé Ìwòsàn?

Ní ìlú Stafford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn ìjọba kan wà tí gbogbo agbègbè náà ń lò. Láàárín ọdún 2005 sí 2009, ojú àwọn aláìsàn rí màbo níbẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ wọn, wọn kò rí ẹni bu omi fún wọn. Wọ́n á gbé oúnjẹ síbi tí ọwọ́ aláìsàn kò tó. Àwọn mìíràn á ya ìgbẹ́ sára, kò sí ẹni tí yóò tètè nù wọ́n.

Kí ló fà á? Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ gbájú mọ́ bí wọ́n ṣe máa dín ìnáwó kù. Nọ́ọ̀sì kò tó. Ẹni tó bá fẹjọ́ sùn, wọn kì í dá a lóhùn. Julie Bailey, tí ìyá rẹ̀ kú síbẹ̀ ní ọdún 2007, kó àwọn ẹbí mìíràn jọ, wọn kò sì dákẹ́.

Kí ni ìgbìmọ̀ ìwádìí?

Ní ọdún 2010, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Lọ́yà àgbà kan, Robert Francis, ni alága. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ yìí gbọ́ tẹnu aláìsàn, ẹbí, nọ́ọ̀sì, dókítà àti ọ̀gá. Òfin ọdún 2005 lórí ìgbìmọ̀ ìwádìí fún un lágbára láti pe ẹni tó bá fẹ́ wá jẹ́rìí, kí ó sì gba ìwé tó bá fẹ́ yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí kì í ṣe ilé ẹjọ́. Kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn. Kò sì lè fi tipátipá mú ìjọba ṣe ohun tó dá lábàá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2013, Francis gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Àbá 290 ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ parí síbẹ̀. Ìwé sì nìyẹn: ìwé kò lè bu omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Iṣẹ́ ilé aṣòfin

Ibí yìí ni iṣẹ́ àwọn aṣòfin ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé àbọ̀ náà síwájú ilé. Lọ́jọ́ náà gan-an, olórí ìjọba, David Cameron, dìde níwájú wọn, ó tọrọ àforíjì. Àbá àkọ́kọ́ nínú ìwé Francis rọ ìgbìmọ̀ ètò ìlera ilé aṣòfin pé kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ohun tó yẹ. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ìgbìmọ̀ náà gbé àbọ̀ tirẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àbọ̀ Francis so èso. Láti ọdún 2014, ó di òfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí àṣìṣe ìtọ́jú bá ṣe aláìsàn ní jàǹbá ńlá, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún un, kí ó sì tọrọ àforíjì.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àbá ìwádìí ni wọ́n ń gbàgbé. Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin àgbà dá a lábàá pé kí ilé aṣòfin méjèèjì jọ ní ìgbìmọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti máa tọpa àbá ìwádìí gbogbo.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ sì ń gbàtọ́jú níbẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ibẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín. Ẹ bi í pé: “Àbá wo ni wọ́n ti ṣe? Èwo ló kù?”

Ìbéèrè

1. Kí ló fa ìyà tó jẹ àwọn aláìsàn ní Stafford?
2. Kí ni ìgbìmọ̀ ìwádìí kò lágbára láti ṣe?
3. Kí ni ẹ máa bi aṣòfin yín nípa ilé ìwòsàn àdúgbò yín?