Àròkọ Alálàyé: Sísọ Igbó Orí Òkè Pọ̀ fún Àwọn Ẹranko

Orí-ọ̀rọ̀: Ṣe àlàyé bí a ṣe lè la ọ̀nà fún àwọn ẹranko tí oko àti ọ̀nà ọkọ̀ ti gé igbó wọn sí wẹ́wẹ́ ní agbègbè olókè.

Kí o tó mú kálàmù, tún orí-ọ̀rọ̀ yìí kà. "Bí a ṣe lè" ni wọ́n wí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń máàkì àròkọ, irú orí-ọ̀rọ̀ báyìí ni ó máa ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù: wọn a fi ojú ewé méjì sọ pé ẹranko wúlò, wọn a wá fi ìlà mẹ́ta dáhùn ìbéèrè.

Lẹ́yìn èyí, yan ibì kan pàtó. Àwọn òkè Ìpínlẹ̀ Cross River ni mo yàn, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ìnàkí tí a ń pè ní gọ̀rílà kù sí ní Nàìjíríà. Ìlapa èrò mi kò ju mẹ́ta lọ: ibi tí igbó ti já, ibi tí ọ̀nà lè gbà, àti ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ti ìkẹta yìí ni kí o fẹ̀ jù. Apá àárín àròkọ náà nìyí:

Gọ̀rílà Cross River tí ó kù ní gbogbo ayé kò ju nǹkan bí 300 lọ. Orí òkè mẹ́ta ni ti Nàìjíríà wà: Afi, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ọdún 2000, Mbe, tí ó jẹ́ ilẹ̀ àwọn ará abúlé, àti Okwangwo, tí ó bá igbó Takamanda ní Kamẹrúùnù pààlà. Afi àti Mbe kò jìnnà síra wọn, ṣùgbọ́n oko àti ọ̀nà ọkọ̀ wà láàárín. Bí agbo gọ̀rílà bá há sórí òkè kan, àwọn ìbátan ni yóò máa bá ara wọn bímọ, ìran wọn yóò sì máa rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò tíì dí pátápátá. Àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 sì fi hàn pé àwọn díẹ̀ ṣì ń kọjá láti ibì kan sí ibòmíràn.

Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ la ọ̀nà kò ní kọ́kọ́ gbin igi. Yóò wá ipasẹ̀ wọn àti ìtẹ́ ewé tí wọ́n sùn sí. Yóò wo etí odò tí igi ṣì wà, àti oko àtijọ́ tí ó ti ń di igbó padà, yóò sì fà wọ́n pọ̀ lórí àwòrán ilẹ̀.

Ta ni ó ni etí odò náà? Àgbẹ̀ ni. Kòkó tí ó gbìn síbẹ̀ ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Ní Banff, ní Kánádà, wọ́n ṣe afárá 6 sókè ọ̀nà márosẹ̀ àti ihò 38 sábẹ́ rẹ̀ fún béárì àti àwọn ẹranko mìíràn, ṣùgbọ́n ọgbà ìjọba ni ibẹ̀. A kò lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún olóko. Ní Mbe, ìlú mẹ́sàn-án dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 2005 láti máa ṣọ́ òkè wọn. Àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ni wọ́n ń rìn ín, tí wọ́n ń tú tàkúté. Ní 2020, kámẹ́rà tí a fi pamọ́ síbẹ̀ ya àwòrán gọ̀rílà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, ọ̀kan wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú ní ilẹ̀ àárín: kí àgbẹ̀ gbin kòkó sábẹ́ igi ńlá, kí ó má gé igi etí odò, kí ó ṣọ́ iná ọ̀gbẹlẹ̀, kí òun náà sì mọ ohun tí yóò rí gbà kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ṣàkíyèsí ìbéèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ ìkẹta. Ibẹ̀ ni àròkọ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹranko, tí ó di ọ̀rọ̀ ènìyàn. Bí o kò bá sì mọ iye kan dájú, fò ó. Má ṣe hùmọ̀ rẹ̀. Olùyẹ̀wò máa ń mọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: (1) Kọ ìfáárà àti ìgúnlẹ̀ fún àròkọ yìí. (2) Àgbẹ̀ kan kò fẹ́ fi etí odò rẹ̀ sílẹ̀. Kọ lẹ́tà tí ó kọ sí baálẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ẹjọ́ rẹ̀ múná.