Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ẹ Ń Kọ́ Iṣẹ́ Sákíìtì Máíkíròwéèfù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, tí ẹ kò sì jẹ́ kí ó tó yín, tí ẹ tún di àmùrè yín le láti kọ́ bí a ti í ṣe sákíìtì fún ìgbì máíkíròwéèfù, asáré-má-làágùn, arí-ìdènà-padà-sẹ́yìn, mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó wọ yàrá ìwádìí lọ. Iṣẹ́ oníwàǹwára kọ́ ni iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni í rí ìfun inú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ohun tí ẹ kò yà sínú àwòrán sákíìtì yín ni yóò yọ yín lẹ́nu jù. Ní kíláàsì tí ẹ ti ń bọ̀, wáyà kò ju ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ní 10 GHz, níbi tí gígùn ìgbì nínú afẹ́fẹ́ kò ju 3 cm lọ, wáyà tín-ín-rín tí kò gùn ju 1 mm lọ lè ní inductance tó súnmọ́ 1 nH, èyí tí í dí ìgbì lọ́nà bí ẹni pé nǹkan bí 63 Ω ló dúró níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 50 Ω péré ni a fi ẹnu kò lé lórí fún okùn àti ẹ̀rọ iṣẹ́ wa. Kapásítọ̀ ń kọ́? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: kapásítọ̀ 100 pF tí 1 nH bá fara pamọ́ sí lára, tó bá ti kọjá nǹkan bí 500 MHz, kóìlì ló ti dà, orúkọ nìkan ló kù. Nítorí náà, àwọn ihò kéékèèké tí a ń lu láti ẹsẹ̀ transistor dé abẹ́ pátákó, níbi tí ilẹ̀ sákíìtì wà, ẹ kà wọ́n mọ́ ohun èlò gidi, kí ẹ sì ṣírò wọn bí ẹ ti ń ṣírò àwọn yòókù. Ẹ má ṣahun ihò. Mo ti rí iṣẹ́ rere tí irú ahun bẹ́ẹ̀ bà jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ó kan ìbámu impedance, ìyẹn ọgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ìgbì padà sẹ́yìn. Ní oṣù January ọdún 1939 ni Phillip Smith, òṣìṣẹ́ Bell Telephone Laboratories ní Amẹ́ríkà, gbé àtẹ olóbìírí rẹ̀ tí a fi ń ṣe ìbámu náà (Smith chart) jáde nínú ìwé ìròyìn Electronics. Ẹ ó ní kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kò sì purọ́. Síbẹ̀, mo dúró lé e pé kí ọmọ iṣẹ́ fi pẹ́ńsù àti kọ́ńpáàsì rìn lórí àtẹ náà fún sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ ọ̀nà láti etí àtẹ dé àárín rẹ̀ yóò ti mọ̀, kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá, bóyá kapásítọ̀ ló yẹ kí ó so mọ́ ilẹ̀ ni, tàbí ìlà ló yẹ kí ó fi gùn sí i. A kì í fi ojú olójú sòwò ká jèrè. Sọ́fítíwíà tí ń wá ìdáhùn fúnra rẹ̀ kò mọ ìtìjú. Yóò fún yín ní ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé kò sí ilé iṣẹ́ tó lè gé e. Robert Fano sì ti fi hàn ní 1950 pé ó ní ibi tí gbígbòòrò ìbámu mọ, bí ó ti wù kí ohun èlò tí a kó jọ pọ̀ tó. Ẹni tí kò mọ òfin yìí yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ mọ́jú, kí ó máa wá ohun tí kò sí láyé.

Ọ̀rọ̀ tí n óò dúró lé jù lọ ni ti ampílífáyà tí ń pariwo fúnra rẹ̀, bí máíkì ti í han gooro lóde àríyá nígbà tí akọrin bá gbé e súnmọ́ sípíkà. Ọmọ iṣẹ́ yóò ya ampílífáyà fún 10 GHz, yóò ṣírò K, òṣùwọ̀n ìdúróṣinṣin tí Rollett fi lélẹ̀ ní 1962, yóò rí i pé ó ju 1 lọ ní 10 GHz, inú rẹ̀ yóò sì máa dùn. Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ó ju eéje lọ. Agbára transistor a máa pọ̀ sí i bí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí 1 GHz àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni ọ̀nà tí ẹ gbà gbé iná DC wọlé kì í ṣe bí ẹ ti rò. Ẹ ṣírò K láti ibi tí ìwé transistor náà ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí agbára rẹ̀ tán, kí ẹ sì rántí pé K nìkan kò tó, ìwọ̀n (magnitude) determinant àwọn S-parameter náà gbọ́dọ̀ kéré sí 1. Bí ẹ bá sì fẹ́ iye kan ṣoṣo tí yóò sọ gbogbo rẹ̀, ẹ lo μ tí Edwards àti Sinsky gbé jáde ní 1992. Lórí tábìlì, àmì àrùn náà kò fara sin: ẹ na ìka sí ẹ̀bá pátákó láìfọwọ́ kàn án, bí kọ́rẹ́ntì tí transistor ń mu bá yí padà, oscillator lẹ ṣe, ẹ kò ṣe ampílífáyà. Resistor kékeré lójú ọ̀nà DC, pẹ̀lú kapásítọ̀ lóríṣiríṣi láti pF dé μF, ló máa ń wò ó sàn lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ dé ìdérí irin ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, àpótí ni kí ẹ bá wí, ìgbì ti sọ inú rẹ̀ di ilé. Ẹ lẹ ohun tí ń mu ìgbì mọ́ abẹ́ ìdérí náà.

Ó wá ku ìwọ̀n. Nígbà tí ẹ bá ń so okùn mọ́ ẹ̀rọ VNA tí a fi ń wọn àwọn S-parameter, nọ́ọ̀tì ni kí ẹ yí, ẹ má yí ara okùn, nítorí bí ara rẹ̀ bá yí, ṣóńṣó àárín rẹ̀ yóò máa ha ihò tó wọ̀ títí méjèèjì yóò fi bàjẹ́; sípánà tó mọ ìwọ̀n agbára ara rẹ̀ ni kí ẹ fi dì í, kì í ṣe ọwọ́ mẹkáníìkì ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ìwà transistor fúnra rẹ̀, láìka ìlà tó gbé e dúró mọ́ ọn, ẹ ya àwọn ìlà kálíbíréṣọ̀n TRL (thru-reflect-line), ọgbọ́n tí Engen àti Hoer gbé jáde ní 1979, sára pátákó kan náà tí ampílífáyà yín wà. Bí ìwọ̀n bá kọ̀ láti bá ìṣirò mu, ẹ má tètè dá transistor lẹ́bi: ẹ nu ẹnu okùn, ẹ tún kálíbíréṣọ̀n ṣe, ẹ yẹ ihò ilẹ̀ wò, ẹ wọn bí pátákó ti nípọn tó gan-an, pàápàá bí ó bá jẹ́ FR4 olówó pọ́ọ́kú lẹ rà, kí ẹ tó mú irin gbígbóná láti tú transistor náà kúrò.